Adìẹ Tó Kọjá Nínú Sinimá

   

Ìtàn adìẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Òyìnbó kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ John Wilson. Ìtàn tó sọ ni ọmọ Kánádà kan, Marshall McLuhan, tẹ̀ sínú ìwé ní 1962. Wọ́n ní wolé-wolé kan ló ya sinimá fún àwọn ará abúlé kan nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò le rárá: ẹ da omi tó bá dúró sí àyíká ilé nù, ẹ ṣa agolo òfìfo kúrò nílẹ̀. Wọ́n rọra yà á, nǹkan kan tẹ̀lé èkejì, bí ẹni ń fi ẹ̀kọ bọ́ ọmọ. Nígbà tó parí, wọ́n bi àwọn òǹwòran pé, "Kí lẹ rí?" Àwọn èèyàn náà ní, "Adìẹ la rí."

Adìẹ kẹ̀! Àwọn tó ni sinimá kò tilẹ̀ mọ̀ pé adìẹ wà nínú rẹ̀. Wọ́n bá padà lọ tú fíìmù náà wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àfi bí wọ́n ṣe rí i lóòótọ́: adìẹ kan tí ẹ̀rù bà, tó ta fìrì gba igun ìsàlẹ̀ kọjá, tí kò sì lò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó fi ìtàn yìí ṣàlàyé pé ẹni tí kò kàwé kò mọ bí wọ́n ṣe ń wo àwòrán. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Agolo tí wolé-wolé ń ṣà, ti wolé-wolé ni. Adìẹ yẹn, ti àwọn ará abúlé ni. Ojú tó mọ iyì adìẹ ló rí adìẹ. Ó dá mi lójú pé ẹnìkan nínú wọn á ti máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé, ta ló ni adìẹ yẹn, kí ló sì ń lé e?

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ adìẹ wá sórí rédíò ni pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àti ọ̀dọ́ ló ń fẹ́ máa kó ará àdúgbò jọ báyìí, kí wọ́n fi fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi hàn wọ́n, irú èyí tí àwọn ọ̀gá fíìmù ń pè ní dọkumẹ́ńtárì. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí àwa èèyàn mọ bí a ṣe ń lo ayé láìbà á jẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó dáa. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún wọn, adìẹ yẹn ló sì máa bá mi sọ ọ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí síbi irú ìfihàn bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan nígboro Abẹ́òkúta wa níbí. N kò ní dárúkọ àwọn tó pè wá, torí inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Fíìmù tí wọ́n gbé wá, Gẹ̀ẹ́sì ni látòkèdélẹ̀. Òkun yìnyín ló dá lé, pẹ̀lú ẹranko béárì funfun kan tí ebi ti sọ di egungun. Màmá àgbà kan jókòó tì mí, gèlè rẹ̀ ga, ó ń wò ó tọkàntọkàn. Nígbà tó ṣe, ó fi ìgúnpá ta mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ajá ta nìyẹn tó rù báyìí?" Mo ní, "Ẹ má bínú mà, kì í ṣe ajá, ẹranko òkè òkun ni." Màmá mi orí. Ó ní, "Ṣé kò sí ẹni tó lè fún un lóúnjẹ nínú àwọn tó ń ya fọ́tò rẹ̀ ni?" Kò pẹ́ tó fi dìde lọ wo ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìrẹsì sí.

Ìbéèrè màmá yẹn dáa ju fíìmù náà lọ. Gọ́tà tó wà níwájú gbọ̀ngàn yẹn kún dẹ́nu fún ọ̀rá piọ wọ́tà lọ́jọ́ náà. Orí pákó la gbà kọjá wọlé. Kò sẹ́ni tó ya ìyẹn.

Sinimá tó ń kọ́ni kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Láàrín 1924 sí 1931, àrùn kan tí eku ń gbé kiri jà l'Ékòó. William Sellers, òyìnbó òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní Nàìjíríà nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi sinimá kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe máa gbógun ti eku. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka sinimá sílẹ̀ ní 1939 fún àwọn ilẹ̀ tó ń jọba lé lórí, Sellers yìí ló di àgbà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ sinimá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nìyẹn. Ẹ̀rọ amúnáwá wà nínú ọkọ̀, aṣọ funfun wà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà. Àwọn ará òkè Ọya ń pè é ní májìgì títí dòní.

Sellers gbà pé ojú ènìyàn dúdú kò lè bá àwòrán tó ń yára sáré. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé fíìmù wọn máa ń falẹ̀ bí ìgbín. Ìwọ̀sí wà nínú èrò yẹn, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan wà tí wọ́n ṣe tí àwa tá a ní purọjẹ́tọ̀ lónìí kì í rántí ṣe. Ẹnìkan máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun náà, tí á máa fi èdè àwọn ará ìlú ṣàlàyé ohun tó ń lọ. Òun ló ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá pariwo, òun ló ń dá wọn lẹ́kun nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ. Ẹni yẹn ló ni iṣẹ́. Ẹ̀rọ kàn ń tan iná fún un ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ aró, torí ọmọ aláró ni wá, fíìmù tó yẹ wá sì wà níbẹ̀.

Ní 1936, àwọn obìnrin aláró Abẹ́òkúta fárígá. Aláké ìgbà náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, ti fi òfin de sódà àti aró òyìnbó nídìí àdìrẹ. Kì í ṣe nítorí pé ó ń ba odò jẹ́ o. Àwọn oníbàárà ló ń ráhùn pé aṣọ kò dára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọjà sì ń kú. Àwọn aláró kò gbà, ọ̀rọ̀ náà le débi tí ìjọba fi gbé ìwádìí dìde. Judith Byfield, ọ̀mọ̀wé onímọ̀ ìtàn tó ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà, ti kọ ìwé odindi kan lórí àwọn aláró wọ̀nyí, The Bluest Hands, tó jáde ní 2002. Ẹni tó bá mọ ohun tí obìnrin Ẹ̀gbá ṣe lẹ́yìn ìgbà náà pẹ̀lú ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí mú kí ọba kan náà kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949, á mọ̀ pé òfin lásán kò tíì ṣẹ́gun wọn rí. Lónìí, ẹ dé ọjà Ìtòkú kẹ́ ẹ wò ó. Sódà ṣì wà nídìí aró.

Tí mo bá ní kámẹ́rà, ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Màá wá ìyá kan tó ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń gún ewé ẹlú, tí wọ́n ń ṣù ú, tí wọ́n ń sá a gbẹ. Bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú, tí wọ́n á da méjèèjì pọ̀ sínú ìkòkò, tí wọ́n á dúró fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kan, tí òórùn rẹ̀ á gba gbogbo agbo ilé. Lẹ́yìn náà ni màá ya ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń fi sódà àti aró òyìnbó ṣe tirẹ̀ tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Màá wá gbé kámẹ́rà tẹ̀lé omi tí ọmọ náà dà nù: látẹnu báfù dé gọ́tà, láti gọ́tà dé odò, láti odò dé ibi tí ẹlòmíì ti ń fọ ẹ̀fọ́.

Ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún ọmọ yẹn pé kó padà sí ìkòkò ìyá ìyá rẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kì í dúró dìgbà tí aró bá kan. Eérú náà, ṣebí igi ni wọ́n sun kí wọ́n tó rí i? Ẹni tó bá ya fíìmù tó ní ohun àná dára pátá, tòní burú pátá, kò tíì bá aláró jókòó rí. Ohun tí màá ṣe ni pé màá fi fíìmù náà han àwọn aláró fúnra wọn lálẹ́, n'Ítòkú níbẹ̀, màá sì gbé makirofóònù fún ìyálọ́jà. Ibo la lè máa da omi yìí sí? Ta ni yóò gbẹ́ kòtò rẹ̀? Èló ni kálukú máa dá? Ìgbà yẹn ni sinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíì á ní, "Fíìmù ti yí òfin padà rí, kí ló dé tó o fi ń fi gọ́tà àti kòtò dá wa dúró?" Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2018, BBC Africa Eye gbé fíìmù Sweet Sweet Codeine jáde, nípa òògùn ikọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń mu bí ẹni mu ọtí. Ní ọjọ́ kejì gan-an ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí wọ́n má po òògùn ikọ́ oní-kódéènì mọ́, kí wọ́n má sì kó o wọlé. Fíìmù kan, òru ọjọ́ kan! Mo júbà àwọn oníṣẹ́ ìròyìn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń gbé nítòsí gáréèjì bóyá àwọn ọmọ náà ti jáwọ́. Òmíràn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ìjọba ti wo fíìmù náà. Àdúgbò kò tíì wò ó.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn mí, ti dáàmù Ọyán ni. Ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i. Omi rẹ̀ ni wọ́n ń pọn fún Abẹ́òkúta àti Èkó. Nígbà tí omi náà tẹ́jú, ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn abúlé, wọ́n sì ṣí àwọn èèyàn nípò lọ sí ibùgbé tuntun lẹ́bàá rẹ̀, lápá Ìmálà lọ́hùn-ún. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń lọ yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọdé ibẹ̀ wò, tí wọ́n sì ń bá àtọ̀sí ajá nínú rẹ̀, èyí tó ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, kó má dà bí àlọ́. Ọmọ tó ní àrùn náà lára bá tọ̀ sínú omi. Ẹyin kòkòrò wà nínú ìtọ̀ náà. Ẹyin á pa nínú omi, ohun tó pa náà á wá ìṣáwùrú omi kan kó sí nínú, ibẹ̀ ni yóò ti bí sí i. Tó bá yá, wọ́n á tú jáde kúrò lára ìṣáwùrú, wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́ kiri. Ọmọ mìíràn bá kó sómi láti wẹ̀, wọ́n á gba awọ ara rẹ̀ wọlé, kò ní mọ̀. Òògùn rẹ̀ wà, praziquantel lorúkọ rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lò ó lónìí, tó padà kó sínú omi kan náà lọ́la, kí la ṣe?

Ẹ ṣàkíyèsí pé kòkòrò tí mo ń sọ yìí, ojú lásán kò lè rí i dáadáa. Àwòrán nìkan ló lè fi han ìyá ọlọ́mọ. Tí wọ́n bá gbé kámẹ́rà sórí ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, tí ìyá náà rí kòkòrò náà tó ń jà nínú ẹ̀kán omi odò tirẹ̀, tí wọ́n bu níwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò ní béèrè pé ajá ta nìyẹn. Adìẹ tirẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní gbà fún ẹni tó bá sọ fún un pé ọmọkùnrin tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ ti ń bàlágà ni.

Àwọn kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, kò sì jìnnà sí wa. Ní Bẹ̀nẹ̀, lẹ́yìn ibodè wa níbẹ̀ yẹn, ni ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Cinéma Numérique Ambulant ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 2001, kó tó dé Niger àti Mali. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ lọ sí abúlé tí kò ní iná, wọ́n á ta aṣọ, wọ́n á fi fíìmù kúkúrú tó ń lani lóye hàn, wọ́n á sì fi fíìmù àwọn ará Áfíríkà tó dùn ún wò tẹ̀ lé e. Ẹnìkan á wà tó ń bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀ lédè wọn. Ní South Africa, àwọn Sunshine Cinema ń fi iná oòrùn ṣe tiwọn. Ó yẹ ká kọ́ ìyẹn kíákíá. Láti ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ ṣe sinimá ọ̀fẹ́, kó yáa ní ẹ̀gbọ́n tó ń ta epo.

Nílé wa níbí náà, a kò ṣàìmọ sinimá. Hubert Ògúndé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé fíìmù kiri ìlú dé ìlú láyé ọjọ́un. Túndé Kèlání, tó dàgbà sí Abẹ́òkúta yìí, fi Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ sọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta ilẹ̀ onílẹ̀ ní 1993, kó tó padà wá ya Àyìnlá lórí òpópónà tiwa, tó jáde ní 2021. Èmi mọ̀ bó ṣe rí lára mi nígbà tí mo rí òrùlé pupa tí mo mọ̀ nínú fíìmù yẹn. Mo gbàgbé ohun tí òṣèré ń sọ. Adìẹ tèmi nìyẹn.

Láti 2013 di 2017, àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà tí Lọlá Shónẹ́yìn dá sílẹ̀ ń wáyé ní Kútọ̀ níbí, wọ́n sì ń fi fíìmù hàn níbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ló gba Èkó lọ. L'Ékòó kan náà ni àjọ̀dún iREP ti ń kó àwọn oní-dọkumẹ́ńtárì jọ láti 2011, ní Freedom Park, ibi tó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà kan. Iṣẹ́ ńlá ni méjèèjì, mo sì máa ń fẹ́ràn láti lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo ń bá pàdé níbẹ̀, ẹni tó ti ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà kó tó wá ni. Ẹni tó ń da ìdọ̀tí sí odò Sókòrí lóru kì í wá. Ẹ ò tíì gbàgbé òjò ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ní oṣù Keje ọdún 2018, tí omi wọlé onílé, tí ẹ̀mí ṣòfò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wà nínú omi lọ́jọ́ náà ló ní fídíò rẹ̀ lórí fóònù títí dòní. Fíìmù ti wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kó wọn jọ, kò sẹ́ni tó ta aṣọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ jẹ́ kó kúrú. Ìdajì wákàtí tó. Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, tó bá sì lè jẹ́ Ẹ̀gbá pọ́ńbélé, ó sàn bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró kí wọ́n kí ìrun alẹ́ tán. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láàrín oṣù Kẹfà, òjò á tú yín ká. Ẹ jẹ́ kí Baálẹ̀ mọ̀, kí wọ́n má baà rò pé òṣèlú lẹ gbé dé. Tẹ́ ẹ bá sì ya ojú ilé ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹni tẹ́ ẹ bá dójú tì níwájú àdúgbò kò tún ní gbọ́ ohunkóhun mọ́.

Lísàbí, akọni Ẹ̀gbá, kò ní sinimá. Ohun tó ní ni ẹgbẹ́ aáró: lónìí, ká lọ bá ọ roko; lọ́la, ká lọ bá èmi. Níbi tí wọ́n ti ń roko fún ara wọn ni ọ̀rọ̀ tó tú Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ ti hù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, CDA, tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi. Ọjọ́ ìmọ́tótó oṣù tó ń bọ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá ń kó gọ́tà, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yín máa fi fóònù yà á. Kó ya ohun tẹ́ ẹ kó jáde, kó bi àwọn àgbà bí odò ibẹ̀ ṣe rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ yá purọjẹ́tọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó bá wà nítòsí, kẹ́ ẹ ta aṣọ funfun sára ògiri ẹnìkan. Kí kálukú gbé àga tirẹ̀ wá. Tẹ́ ẹ bá sì ṣe é, ẹ kọ̀wé sí wa níbí, màá wá. Èmi náà á gbé àga tèmi dání.